Ọjọ́ Tí Oyèbísí Ki Eyínfúnjowó sí Rédíò

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí Oyèbísí ṣe nǹkan, kí ó bẹ̀ ẹ́. Kí ó má pàṣẹ fún un. Gbogbo ilé Olókè ní Ìlá Ọ̀ràngún ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí Ọlọ́run tó pè é lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, òwú tó fi ń hun kíjìpá pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí bí fọ́nrán kan bá ṣagídí lórí òfì, Oyèbísí a tẹjú mọ́ ọn, a ní, "Èmi pẹ̀lú rẹ ni lónìí." Ẹni kan ṣoṣo tó gbàgbé ni Joseph, ọ̀gá ilé ìwé ìjọ Àgùdà, òun ló sì yẹ kó rántí ju gbogbo wọn lọ, nítorí ọmọ ilé Olókè ni, ẹ̀yìn Oyèbísí ló sì ti yọ eyín.

Ó ṣì ń rá kòrò nígbà tí wọ́n gbé Oyèbísí wọlé níyàwó. Ṣùgbọ́n ó bá a nílé, ẹni tó bá sì bá ìyàwó nílé, ọkọ ni í ṣe sí i, ìbáà wà nínú ọ̀já. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí eyín àkọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà, tó ń dán bí ẹyọ, Oyèbísí sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ yẹn ló fi ń kì í, òun ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun ló fi ń jí i lọ sílé ìwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní Ìbàdàn, tó fi padà wálé pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó le kankan lójú irin.

Ọdún kejì tí ìjọba dá ilé ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Rédíò kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò nígbà náà, ti Àlàó onímọ́tò. Ó gbé e ka orí tábìlì níwájú ilé, ó fi bátìrì ńlá sí ìdí rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, tí àwọn onígbàgbọ́ náà ti tojú oko dé, tọmọdé tàgbà á pé bò ó. Rédíò á sọ Gẹ̀ẹ́sì. Á sọ Yorùbá bí ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn ọkùnrin kan á fi ohùn Ẹ̀gbá dápàárá, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ohùn Ìgbómìnà nìkan ni kò jáde nínú rẹ̀ rí.

"Bàbá Rájí," Sàfúrátù, ìyàwó Àlàó, bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ṣé nǹkan yìí tilẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé?"

"Ó mọ̀," Àlàó dá a lóhùn. "Jẹ́ kí àsìkò owó orí tó. Ó máa pè ọ́ lórúkọ àbísọ."

Oyèbísí ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ń wo àpótí tó ń sọ̀rọ̀ náà, ó ń rò ó pé àwọn baba òun fi ogbó, àdá ìran wọn, lànà nínú igbó kìjikìji, wọ́n tẹ ìlú dó, wọ́n ní oríkì tó gùn ju òpópónà lọ, ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbọ́ rédíò yìí láti òwúrọ̀ dalẹ́, yóò rò pé kò sẹ́ni tó ń gbé láàrin Òkè-Ìlá àti Ìrèsì.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ará rédíò ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, pé ìlú kọ̀ọ̀kan yóò kí gbogbo ayé, yóò sì gbé oríkì kan kalẹ̀, ńṣe ni Oyèbísí fi òfì sílẹ̀, tó mú ilẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, tó kúnlẹ̀. Àwọn àgbà ìlú gbé ètò náà lé Joseph lọ́wọ́, nítorí òun ló lè fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn lò. Joseph sì yan Oyèbísí pé kó wá ki oríkì ilé Olókè lórúkọ ìlú. Ta ni ìbá tún yàn? Bí Oyèbísí bá ki ènìyàn, ẹni tó ń ṣàìsàn á béèrè oúnjẹ.

"Olúwa," Oyèbísí gbàdúrà, "ìwọ lo fi ohùn yìí sí mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá fẹ́ gbọ́ ọ, má jẹ́ kí n yá ti ẹlòmíràn lò."

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run tètè fẹ́ wò ó bóyá àdúrà náà ti ọkàn wá. Ọjọ́ kejì ni Joseph wọlé pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Jùmọ̀kẹ́. Mo ti bá yín tún oríkì náà ṣe."

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, ẹ̀ẹ́ rí i, a fẹ́ kó mọ́ ni. Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni rédíò ń sọ. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Oyèbísí gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n wẹ òkú tó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ àlejò wọ̀ ọ́.

"Ọkọ mi, ohun tí ẹ kà yẹn dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oríkì wa."

"Oríkì wa ni!"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bí mo bá fi eléyìí rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ̀bá ṣì máa ké di bí mo ṣe ń wí yìí."

Joseph jókòó. Ó rọra ká bébà náà. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí ní Ìbàdàn. Bí mo bá ti la ẹnu, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ará oko dé, ẹ wá gbọ́ Ìgbómìnà!' Mo di ẹni tí í fi ọkàn tún ọ̀rọ̀ tò kí ó tó sọ ọ́ jáde. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi gbogbo ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fi mí ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe Oyèbísí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó ní, "Ará oko. Kí làwọn ń jẹ ní Ìbàdàn tiwọn? Ṣé bébà ni?"

Joseph rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbójú ró padà. "Ọ̀rọ̀ kejì tún wà. Ẹ̀rọ náà ò fẹ́ ariwo. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí gúlẹ́."

"Ta ni yóò wá dáhùn?"

"Kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa sọ̀rọ̀."

Oyèbísí fi ọwọ́ lé àyà. Kò sí obìnrin ilé Olókè tí kò mọ èyí: bí ìyàwó bá ki ọkọ rẹ̀, ọkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Bí ó bá kì í tí kò dáhùn, wọn á ní oorun ni. Bí ó bá tún kì í tí kò dáhùn, wọn á ní ó ń bínú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tí í kì í. Òkú nìkan ni wọ́n ń kì lẹ́ẹ̀kẹta láìgbọ́ ohùn rẹ̀, lórí ẹní, níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ fẹ́ kí n sọ ìlú di òkú níwájú gbogbo ayé?"

"Àṣà àtijọ́ nìyẹn! Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sọ. Màá ní kí Bernice ṣe é."

Bernice ni tíṣà obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Òkè-Ìlá, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ohùn rẹ̀ dùn nínú orin ìsìn. Oyèbísí na ọwọ́, ó gba bébà náà. Kò sọ pé òun gbà. Kò sì sọ pé òun kọ̀.

Bí ó ṣe ń hun aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọkàn wíwúwo ni Fada yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àlùfáà òyìnbó tí ìjọ fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Áílàǹdì ni, irun rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sì ń sọ Yorùbá lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí ó bá wàásù, àwọn ọmọdé á máa sín in jẹ lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ kò tijú. Oyèbísí fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

"Fada," ó bi í, "ṣé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń gbàdúrà nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

"Rárá o." Fada fa àpótí, ó jókòó. "A ní èdè tiwa. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá kí wọ́n tó mú un lọ sílé ìwé. Ilé ìwé sì so igi mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ó bá ti fi èdè ilé sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ka àmì, wọ́n á nà án."

"Ta ló ń nà án? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì?"

"Tíṣà ni. Ọmọ ìlú wa ni."

Ọwọ́ Oyèbísí dúró lórí òfì. "Kí ló wá dà?"

"Ọ̀pọ̀ gbàgbé èdè náà. Àwọn kan ṣagídí. Àwọn tó ń gbé létí òkun kọ̀, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ wa, wọ́n fi èdè náà sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà mi ti fọ́jú nígbà náà. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá kí ọ á ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ, ìwọ náà á sì fi orúkọ Màríà kún un dá a padà. Ọkùnrin inú rédíò kí wa bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà mi dìde dúró, ó gbá aṣọ rẹ̀ mú, ó dá rédíò lóhùn." Fada rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí ó ń dùn mí."

Oyèbísí náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí i tààrà.

"Fada, ọmọ mi Jùmọ̀kẹ́ dé láti ilé ìwé yín lánàá. Pátákó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀lẹ ni òun. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi ohùn ilé bèèrè omi lọ."

Ojú Fada pọ́n ju irun rẹ̀ lọ. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ilé ìwé kì í ṣe tèmi nìkan. Bíṣọ́ọ̀bù wà. Àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò láti ọ́fíìsì ìjọba wà. Òfin ni wọ́n ní..."

"Igi tí wọ́n so mọ́ ìyá àgbà yín lọ́rùn lẹ gbé sọdá òkun wá fún ọmọ mi."

Fada fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó ní, "Màá gbàdúrà sí i."

"Ẹ ṣeun, Fada. Ẹ̀yin ẹ máa gbàdúrà. Èmi á sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ pé, mọ́tò àwọn ará rédíò wọ ìlú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, ohun kan tó ní àgbá kékeré méjì tó ń yí, tí okùn pẹlẹbẹ kan ń gba inú ọ̀kan lọ sínú èkejì. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Babáyẹmí, fi ohun kan bo etí méjèèjì, ó na ọ̀pá irin kan sókè síwájú. Gbogbo ìlú kún inú gbọ̀ngàn náà dẹ́nu ọ̀nà. Fada dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Joseph kéde, "bí mo bá ti gbé ọwọ́ sókè báyìí, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó jáde báyìí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá máa sunkún, kó jáde."

"Ẹni tí inú rẹ̀ bá máa kùn ńkọ́?" Àlàó béèrè.

"Kí ẹ̀yin náà jáde, Bàbá Rájí."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Joseph gbé ọwọ́ sókè, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán kí gbogbo ayé káàbọ̀ sí Ìlá. Ó ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wo Oyèbísí, ó wo Bernice tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bébà kejì. Ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ojú Oyèbísí kò dára. Ó mi orí sí Bernice.

Bernice dìde díẹ̀, ó tún jókòó. Ó rọra wí pé, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè kì yín. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yín." Sàfúrátù fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Oyèbísí ti wà níwájú ọ̀pá irin náà. Ó fi bébà Joseph lé e lọ́wọ́ padà, wẹ́rẹ́, bí ẹni dá àwo padà fún ẹni tó ni ín. Ó gbé ojú sókè. Ó lahùn:

*Eyínfúnjowó, ọkọ mi,*
*ọmọ Olókè tí í fi ogbó lànà.*
*Igi dábùú ọ̀nà, baba rẹ ò yà,*
*ó ní igi tó dábùú ọ̀nà, igi ìdáná ni.*
*Òkùnkùn ṣú, baba rẹ ò dúró,*
*ó ní ilẹ̀ tí mo tẹ̀ mọ ẹsẹ̀ mi.*
*Eyínfúnjowó, ǹjẹ́ o ń gbọ́ bí?*

Lẹ́tà kò lè gbé ohùn náà. Ohùn Ìlá ni, bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé lówùúrọ̀, tòun ti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìwé kì í kọ. Ó kọlu ògiri, ó padà wá.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Joseph gan bí òpó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún gbogbo ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú àṣẹ náà. Àgbá ń yí.

Oyèbísí sún mọ́ ọn. Ó kì í lẹ́ẹ̀kejì:

*Eyínfúnjowó, mo ní ta ló pọ̀n ọ́?*
*Ta ló fi ọ̀já gbà ọ́ mọ́ra lọ́jọ́ òtútù?*
*Ìbàdàn lọ, Ìbàdàn bọ̀,*
*ibi tí a ti bí ọ ò sún síbì kan.*
*Ọmọ ọ̀nà-dí-kò-padà,*
*Eyínfúnjowó, ǹjẹ́ o ń gbọ́ bí?*

Kò sí ohùn. Nínú èrò, arúgbó kan mí kanlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé Olókè bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Àlàó bọ́ fìlà rẹ̀. Babáyẹmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó rí i ṣá pé gbogbo ilé náà ti di ilé ọ̀fọ̀.

Oyèbísí rí òógùn tó ń ṣàn lójú ọmọ tí ó pọ̀n dàgbà. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, Olúwa, má jẹ́ kí n pa á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n dákẹ́. Ó fa èémí sínú. Ó la ẹnu fún ẹ̀ẹ̀kẹta:

"*Eyínfúnjowó o...*"

"Òo!"

Ọwọ́ Joseph ti já wálẹ̀. Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe ohùn ọ̀gá ilé ìwé, ohùn ọmọ ilé Olókè ni, ó gbòòrò, ó ní ilẹ̀ nínú, ó sì ń gbọ̀n. "Òo! Èmi rè é! Mo wà láàyè, ìyàwó mi, mò ń gbọ́ o!"

Gbọ̀ngàn náà bú. Àwọn obìnrin ilé gba oríkì náà lẹ́nu Oyèbísí, àwọn ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, Sàfúrátù ń fò sókè, Àlàó ń pariwo "Òo!" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kì í. Babáyẹmí ń ju ọwọ́ méjèèjì, kò sẹ́ni tó wò ó, títí okùn pẹlẹbẹ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó bọ́ nǹkan etí rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ohùn yín dùn. Ṣùgbọ́n eléyìí ti bàjẹ́. A máa tún un ṣe. Kò ní sí ariwo, ẹ ó sì fi Yorùbá tó yé àwọn olùgbọ́ ṣe é."

"Kí ni mo fi ṣe èyí? Hausa?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọmọ mi, mi ò ní tún un ṣe. Ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn Ìlá, ẹ ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ohùn Ìbàdàn, ẹ ò bá má ti dáná mọ́tò dé ibí."

"Ọ̀gá mi máa ní kí n pa á rẹ́."

Joseph ló dá a lóhùn, ohùn ilé ló sì fi sọ ọ́, láìtún un tò lọ́kàn ṣáájú. Ó ní bí wọ́n bá máa pa ti ìyàwó òun rẹ́, kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tòun náà rẹ́, kí wọ́n sì pa orúkọ Ìlá rẹ́ kúrò nínú ètò wọn, kí wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé àwọn dé Ìlá, Ìlá kò yé àwọn. Babáyẹmí gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdajì náà tó o. Fada ti rìn wá síwájú, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèbísí.

Ọkùnrin Ìbàdàn náà wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo èrò tó dí ẹnu ọ̀nà, tí kò sì jọ pé wọ́n fẹ́ yà fún mọ́tò kankan. Ó yọ okùn náà, ó gbé e sínú páálí rẹ̀. "Màá gbé e lọ bó ṣe wà," ó wí. "Màá sọ fún wọn pé ẹ kọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́," Oyèbísí ní. "Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀."

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn kan ti ń sọ pé wọ́n ti dà á nù, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ kan tí ọkùnrin inú rédíò dárúkọ Ìlá Ọ̀ràngún. Gẹ̀ẹ́sì Joseph ni wọ́n gé. Oríkì jáde odindi, tòun tariwo. Níwájú ilé Àlàó, àwọn ènìyàn gun orí àga, ẹni tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín. Jùmọ̀kẹ́ fi ohùn ilé pariwo pé ìyá òun nìyẹn, ìyá òun nìyẹn, kò sì sí pátákó lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Fada ti kó gbogbo pátákó bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé ìwé, kí Bíṣọ́ọ̀bù máa bínú bó bá fẹ́.

Awakọ̀ kan láti Ọ̀yọ́, Àlàbí, tó wá kó obì, wà láàrin èrò náà. Ó tẹ́tí títí ó fi parí, ó sì kọjú sí Oyèbísí láìmọ̀ pé obìnrin inú rédíò náà gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, obìnrin yẹn mọ oríkì í kì o! Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yé mi. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gidi."

Joseph ti la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Oyèbísí gbé ọwọ́ sókè.

"Ọkọ mi, ẹ má tú u." Ó yíjú sí awakọ̀ náà, kò bínú rárá. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ń fọhùn ni a ti ń jókòó níwájú rẹ̀, a ń kọ́ tiyín. Ẹnikẹ́ni ò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Sàfúrátù, fún un ní àga. Jókòó, kí o kọ́ tiwa."

Àlàbí wo ojú rẹ̀ bóyá àpárá ni. Ó gba àga, ó jókòó.